Ìgúnpá Òsì Tó Ń Tẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Agbágọ́ọ̀fù Kan

Ọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 38. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò, ó sì ti ń gbá gọ́ọ̀fù fún ọdún mẹ́rin kó tó wá bá èmi olùkọ́ gọ́ọ̀fù. Ẹjọ́ méjì ló kó wá. Èkíní ni pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún lójú òfuurufú, ìyẹn slice tí gbogbo agbágọ́ọ̀fù mọ̀ dunjú, pàápàá nígbà tó bá mú driver dání, ìyẹn ọ̀pá tó gùn jù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Èkejì ni pé ìgúnpá òsì rẹ̀ ń dùn ún ní ẹ̀gbẹ́ òde, ìrora náà kì í sì í lọ títí di ọjọ́ kejì tó bá ti dánra wò. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé òun ti mọ ohun tó fa méjèèjì. “Apá òsì mi kì í dúró gbọọrọ, ọ̀gá. Gbogbo ẹni tó bá ti rí mi ló ń sọ ọ́. Mo ti pàṣẹ fún un títí, kò gbọ́.”

Fọ́tò kan wà nínú fóònù rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà, ó sì fi hàn mí kí n tó béèrè. Nínú fọ́tò náà, bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú ọ̀pá ni, ṣùgbọ́n ìgúnpá òsì rẹ̀ ti tẹ̀, ó yọ síta, ṣónṣó rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Apá adìẹ ni àwọn agbágọ́ọ̀fù káàkiri ayé ń pe àbùkù yìí. Orúkọ náà bá èdè tiwa mu ju èdè ẹlòmíràn lọ, nítorí apá ni a ń pe ti ènìyàn, apá náà ni a sì ń pe ti ẹyẹ.

Mo ní kó gbá bọ́ọ̀lù 20 pẹ̀lú irin 7, ìyẹn ọ̀pá olórí irin tí kò gùn tó driver. Mo gbé fóònù kan kọjú sí àyà rẹ̀, mo sì gbé òmíràn sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà ibi tó ń fojú sùn. N kì í fọwọ́ kan apá ẹnikẹ́ni kí n tó rí i kó gbá bọ́ọ̀lù tó tó báyìí, nítorí pé ẹni tí a ń wò fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń ṣe àṣehàn, ó sì di ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó tó gbá a bó ṣe máa ń gbá a gan-an. Nínú 20 náà, 13 gba òsì díẹ̀ jáde, wọ́n sì yà sọ́tùn-ún. Mẹ́rin gba òsì lọ tààrà láìyà. Mẹ́ta tó kù sì fò nílẹ̀nílẹ̀ nítorí pé etí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló bà wọ́n. Mo ti fọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sójú ọ̀pá kó tó bẹ̀rẹ̀, àmì àwọn bọ́ọ̀lù náà sì kó jọ sí ìkangun orí ọ̀pá tó jìnnà sí ara rẹ̀, kì í ṣe sí àárín. Gbogbo ibi tí ọ̀pá ti hú koríko ló kọjú sí òsì.

Nígbà tí mo wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀, n kò kọ́kọ́ wo ibi tí apá ti tẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo lọ wò. Kó tó gbé ọ̀pá rárá, ó ti na apá òsì náà bí ẹni tó fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn, ó sì di ọ̀pá mú débi pé iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ yọ gbòòrò. Bó ṣe gbé ọ̀pá sẹ́yìn, àyà rẹ̀ yí díẹ̀, ó sì dúró, ṣùgbọ́n apá kò dúró. Apá ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kò tíì kúrò ní ọ̀kánkán bọ́ọ̀lù tán nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ga ju etí lọ, tí ìgúnpá ọ̀tún sì ti fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀. Ẹni tó bá dé òkè báyìí kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti gbà sọ̀ kalẹ̀. Èjìká ọ̀tún ló ti ara rẹ̀ síwájú, ọ̀pá gba òde wọlé, ó sì gé bọ́ọ̀lù kọjá sí òsì. Ẹ̀yìn èyí ni apá tẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni gbogbo iṣẹ́ tó kù dúró lé. Láti òkè títí dé ibi tí ọ̀pá ti kan bọ́ọ̀lù, àkókò tó ń gbà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kì í sì í wà pọ̀ ju nǹkan bí 0.0005 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tó bá ń pàṣẹ “nà gbọọrọ” fún ìgúnpá rẹ̀ láàárín àkókò yẹn ń pàṣẹ fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Apá tó tẹ̀ níbi tí ọ̀pá ti kan bọ́ọ̀lù, èsì ni. Ara ti mọ̀ pé ojú ọ̀pá ṣí sílẹ̀ sọ́tùn-ún, ó sì mọ̀ pé èjìká ti rọ̀ dìrìgì sórí bọ́ọ̀lù tó fi jẹ́ pé bí apá bá gùn tó bó ṣe yẹ, inú ilẹ̀ ni ọ̀pá yóò wọ̀. Ó wá ké apá kúrú, ó fà á wọlé, ó sì wọ́ ọ̀pá sí òsì kí bọ́ọ̀lù lè súnmọ́ ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó lọ. Ara kì í ṣe òmùgọ̀. Àmì ìyẹ̀fun tó wà ní ìkangun ọ̀pá jẹ́rìí sí i: apá tí a fà wọlé ń fa orí ọ̀pá mọ́ra, bọ́ọ̀lù á sì bọ́ sí ìkangun.

Ẹ̀rí mìíràn ni pé àwọn kan wà tí apá òsì wọn kò lè nà rárá, tí wọ́n sì gbá a dé ibi tó ga jù. Calvin Peete, ọmọ Amẹ́ríkà, já bọ́ láti orí igi nígbà èwe, ìgúnpá òsì rẹ̀ ṣẹ́, kò sì tún nà gbọọrọ mọ́ títí ayé rẹ̀; síbẹ̀ òun ló ṣíwájú gbogbo àwọn agbágọ́ọ̀fù PGA Tour, ìyẹn ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, nínú gbígbá driver sí ojú ọ̀nà, ìyẹn koríko tí a gé ní àárín pápá, fún ọdún 10 léraléra, láti 1981 dé 1990, ó sì gba ife ìdíje 12. Ed Furgol ṣáájú rẹ̀ gba ìdíje ńlá US Open ti 1954 ní pápá Baltusrol pẹ̀lú apá òsì tó ti ká kò láti ìgbà tó ti fara pa ní kékeré. Ti Jordan Spieth kò tilẹ̀ ní ìpalára nínú: ìgúnpá òsì rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń kọjá lára bọ́ọ̀lù, ó sì gba ìdíje ńlá méjì, Masters àti US Open, nínú ọdún kan ṣoṣo, 2015. Lee Westwood, tí òun náà ń tẹ apá bẹ́ẹ̀, gun ipò kìíní lágbàáyé ní 2010. N kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ṣe bíi tiwọn o. Ohun tí mo sọ fún un ni pé bí apá títẹ̀ bá jẹ́ àrùn fúnra rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ì bá ti kú sí i.

Ní ti ìrora, n kì í ṣe dókítà, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ gba àyẹ̀wò kó tó gbá bọ́ọ̀lù mìíràn lọ́wọ́ mi. Dókítà sọ fún un pé iṣan tó so mọ́ egungun ẹ̀gbẹ́ òde ìgúnpá ló ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó padà, mo dín bọ́ọ̀lù tó ń gbá lẹ́ẹ̀kan kù láti 150 sí 40. Kò dùn mọ́ ọn.

Ibi tí a dé yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Nígbà tí mo ti rí i pé àyà dúró, apá sì ń dá lọ, mo mú oògùn tí gbogbo olùkọ́ máa ń mú: aṣọ ìnura tí a tẹ́ kọjá lórí àyà, tí a há etí rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ abíyá, tí kò sì gbọdọ̀ já bọ́ bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Oògùn àtijọ́ ni, oògùn rere sì ni. Wọ́n máa ń rí Vijay Singh, ọmọ Fíjì tó gba Masters ti 2000, lórí pápá ìdánrawò pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lábẹ́ abíyá òsì rẹ̀. Nítorí náà n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, aṣọ ìnura ni a ń bá yí.

Ìgbá rẹ̀ mọ́ sí i díẹ̀, àmì ìyẹ̀fun sì súnmọ́ àárín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà kò yí padà. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ó na aṣọ náà sí mi, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò já bọ́ rí láti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá lápá ọ̀tún.” Ìgbà yẹn ni mo wá wò ó dáadáa. Kò já bọ́ nítorí pé ó ń fún un pọ̀ ni. Ó há abíyá mọ́ aṣọ náà bí ẹni tó gbé owó pamọ́ síbẹ̀, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ga sókè mọ́ ọrùn. Apá tó ti le tẹ́lẹ̀ ni mo tún fi líle kún. Yàtọ̀ sí èyí, ìdajì ìgbá ni aṣọ ìnura wúlò fún. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá dé òkè pátápátá, ó yẹ kí aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lápá kan, mo sì jẹ́ kó máa fi í gbá ìgbá kíkún. Ẹ̀bi mi ni.

Bó ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́ òsì rẹ̀ láti lọ sílé ní ọjọ́ náà ni mo rí ohun tí ó yẹ kí n ti rí ní ọjọ́ kìíní. Ihò kan wà nínú ìbọ̀wọ́ náà ní ìdí àtẹ́lẹwọ́, lápá ọmọńdinrín, ó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Ojú àwọn ìka ìbọ̀wọ́ náà ń dán bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo ní kó gbé ìbọ̀wọ́ tó lò ṣáájú wá lọ́jọ́ kejì. Ihò kan náà, ibì kan náà. Ìbọ̀wọ́ kì í purọ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá lé àárín àtẹ́lẹwọ́ dípò ìdí àwọn ìka, ọ̀pá á máa yọ̀ ní ìdí ọwọ́ nígbàkígbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù, á sì máa lọ awọ náà títí tí yóò fi lu. Nítorí pé ọ̀pá ń yọ̀, a máa fún un mọ́wọ́ gan-an. Nítorí pé ó fún un mọ́wọ́, apá á le dé ìgúnpá, iṣan ẹ̀gbẹ́ òde yẹn á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi.

Mo ní kó di ọ̀pá mú níwájú mi. Bó ṣe wolẹ̀ wo ọwọ́ òsì rẹ̀, oríkèé ìka kan péré ló rí lẹ́yìn ọwọ́ náà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lórí ọ̀pá. Mo bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ. Ó ní òun rí i nínú àwòrán Ben Hogan, gbajúmọ̀ agbágọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà àtijọ́. Ó rí i dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Hogan máa ń yà sí òsì ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yí ọwọ́ òsì rẹ̀ padà lórí ọ̀pá láti dènà èyí. Ìwòsàn ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà sí òsì ni akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí tirẹ̀ ń yà sí ọ̀tún, ń mu láràárọ̀. Ojú ọ̀pá kò ní ohun mìíràn tí yóò ṣe ju kó ṣí sílẹ̀ lọ.

A tún ìdìmú náà ṣe. Ọ̀pá bọ́ sí ìdí àwọn ìka, ọwọ́ òsì yí sí ọ̀tún títí oríkèé méjì fi hàn sí i, tí ẹ̀kẹta sì ń yọjú, ìlà tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá sì kọjú sí èjìká ọ̀tún dípò àgbọ̀n. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé ọ̀pá ẹlòmíràn lòún mú. Ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ àkọ́kọ́, gbogbo mẹ́jọ ló fò lọ sí òsì pátápátá, méjì nínú wọn sì kọjá àwọ̀n. Ó yíjú sí mi bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ.

Inú mi dùn sí àwọn bọ́ọ̀lù yẹn ju èyíkéyìí tó gbá nínú oṣù náà lọ, mo sì ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un kó má baà padà sí ìdìmú àtijọ́ ní kété tí mo bá kúrò níbẹ̀. Ibi tí ojú ọ̀pá ń wò ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ lọ, ju ibi tí ọ̀pá fúnra rẹ̀ ń rìn lọ. Bí ojú ọ̀pá àti ìrìn ọ̀pá bá wo ibì kan náà, bọ́ọ̀lù á lọ tààrà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, bọ́ọ̀lù á yà kúrò lọ́dọ̀ ìrìn ọ̀pá sí ibi tí ojú ọ̀pá ń wò. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pá ń rìn sí òsì, ojú rẹ̀ sì ṣí sí ọ̀tún ìrìn náà, ìdí nìyẹn tó fi ń yà sọ́tùn-ún. Nísinsìnyí, ojú ọ̀pá ti bá ìrìn náà lọ, òsì ni méjèèjì sì ń wò. Àbùkù tó kù kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí mọ́. Fún ọdún mẹ́rin, ìrìn sí òsì ló ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ là lọ́wọ́ ojú ọ̀pá tó ṣí. Bí mo bá ní kó jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà yẹn, àárín igbó ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ì bá wà. Òun nìyí tí gbogbo ìmọ̀ràn “na apá rẹ” kò fi lè dúró lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ apá gan-an ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méje.

Líle ni mo kọ́kọ́ mú kúrò. Mo so òkúta kékeré kan mọ́ okùn, mo ní kó máa fi í yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Okùn náà nà tan-tan-tan, kò sì sí egungun nínú rẹ̀. Òkúta ló ń na okùn. Bí ọwọ́ bá gbìyànjú láti nà án fúnra rẹ̀, yíyípo náà á bàjẹ́. Mo sọ fún un pé ohun tí a ń wá nìyẹn, apá tí orí ọ̀pá ń nà, pé apá tó gùn àti apá tó le kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbá, ó jẹ́ kí apá òsì rẹ̀ sorọ̀ láti èjìká láìnà án, kí ó tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ní ìgúnpá. Ó yà á lẹ́nu nínú fídíò pé apá tó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló gùn jù nígbà tí ọ̀pá dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbígbé ọ̀pá sẹ́yìn. Ìdajì ìgbá ni mo jẹ́ kó máa gbá, kí ọwọ́ má kọjá ọ̀kánkán àyà, pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo: bọ́tìnnì kejì ẹ̀wù rẹ àti ọwọ́ rẹ jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ dúró. Bí àyà bá ti dúró, apá kò ní iṣẹ́ mìíràn. Mo dá aṣọ ìnura padà níbí, níbi tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, abíyá òsì nìkan, láìfún un pọ̀. Ìgúnpá ọ̀tún kọ́ láti ká wálẹ̀ níwájú ìhà dípò kó fò sẹ́yìn, n kò sì ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀, torí pé bí àyà bá yí dáadáa, ó máa ń wá àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Apá ọ̀tún yìí kan náà ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù sí nígbà tó kan sísọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ apá òsì ló kó wá. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí ọ̀pá kan ni. Apá ọ̀tún akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa ń nà tán kí ọ̀pá tó dé bọ́ọ̀lù, bí ẹni tó ju ọ̀pá sílẹ̀ láti òkè. Bí apá ọ̀tún bá ti ná gbogbo gígùn rẹ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù, apá òsì gbọ́dọ̀ kúrú kí ọ̀pá tó lè kọjá. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí ìgúnpá ọ̀tún ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá bá kan bọ́ọ̀lù, kí àwọn apá méjèèjì sì wá nà papọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kó bọ́ọ̀lù àtijọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo ní kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan jù wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, nílẹ̀nílẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń sọ òkúta pẹlẹbẹ kí ó lè máa ta lórí omi. Kò sí ẹni tó lè sọ òkúta bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èjìká tó ṣáájú. Ìbàdí ló máa ń kọ́kọ́ yí, àyà á tẹ̀ lé e, apá á sì dé kẹ́yìn. Bí a bá fi ẹ̀rọ wọn àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí: ìbàdí máa dé òpin eré rẹ̀ ṣáájú àyà, àyà ṣáájú apá, apá ṣáájú ọ̀pá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dẹwọ́ bó ṣe ń gbé eré rẹ̀ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ó sọ bọ́ọ̀lù 30, ó gbá 10. Mo gbé ìbòrí driver rẹ̀ sílẹ̀ lódìkejì bọ́ọ̀lù, ó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ọ̀pá tó bá gba òde wọlé lè gbá ìbòrí náà. Ní ọjọ́ kìíní, ìbòrí náà fò ní ìgbà mẹ́fà. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ yìí, kò kúrò níbi tí mo gbé e sí.

Ohun kan tó kù ni yíyí apá ìsàlẹ̀, ìyẹn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Aago ọwọ́ ni mo lò fún èyí. Ó so aago mọ́ ọwọ́ òsì, a sì ń rìn ín jẹ́jẹ́ láìgbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọwọ́ bá wà ní ọ̀kánkán ìgbànú lẹ́yìn, ojú aago ń wo iwájú rẹ̀. Níbi bọ́ọ̀lù, ó ń wo ibi tí a ń gbá a lọ. Tí ọwọ́ bá sì tún dé ọ̀kánkán ìgbànú lápá kejì, ó yẹ kó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń wo ọ̀run níbẹ̀, nítorí ìgúnpá tó ti yọ síta kò jẹ́ kí apá yí. Pẹ̀lú ìdìmú àtijọ́, kò dára kó gbìyànjú yíyí yìí rárá, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbà. Pẹ̀lú tuntun, ó mú un ní ọjọ́ méjì. Mo ń jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kó sì dúró gbagidi ní ibi ìgbànú yẹn, kó wolẹ̀ wo apá rẹ̀ fúnra rẹ̀: ṣé méjèèjì nà? Ṣé ṣónṣó ìgúnpá òsì ń wo ilẹ̀, àbí ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ? Nígbà àkọ́kọ́ tó rí i pé ó ń wo ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ère fún ìgbà díẹ̀, n kò sì dà á láàmú.

Ìrora ìgúnpá ti kúrò ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a yí ìdìmú padà. N kò lè sọ bóyá ìsinmi ni, tàbí dídín bọ́ọ̀lù kù, tàbí ọwọ́ tó rọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé papọ̀. Ìbọ̀wọ́ tuntun rẹ̀ kò tíì lu.

Lórí pápá gan-an, nǹkan kò lọ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, omi wà lápá ọ̀tún ihò kẹta, apá àtijọ́ sì padà wá láìkan ilẹ̀kùn: ìgúnpá yọ, bọ́ọ̀lù wọ omi. Ó tún gbá òmíràn, omi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìdíje náà pé ohun tó ń lọ lórí òun nígbà yẹn ni “na apá, na apá.” Mo bi í léèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ rò tó bá dúró sídìí bọ́ọ̀lù lójú omi, ìyẹn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fún ọ̀pá tó, kò sì gbọdọ̀ rò nípa ìgúnpá rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, a tún bọ́ọ̀lù 20 gbá pẹ̀lú irin 7, fóònù méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n wà lọ́jọ́ kìíní. Mẹ́rìnlá lọ síbi tó fojú sùn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mẹ́rin yà díẹ̀ sí òsì, méjì yà sọ́tùn-ún. Mo fi fọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fídíò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú driver, ìgúnpá òsì náà ṣì ń tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń kọjá lára bọ́ọ̀lù. Ó fọwọ́ tọ́ka sí i, ó ní, “Èyí ńkọ́, ọ̀gá?” Mo ní kó wo ibi tí bọ́ọ̀lù náà balẹ̀ sí ná. Àárín ojú ọ̀nà ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.